Ọ̀nà Tó Yí Òkè Ká

Nígbà tí Mikail kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin àwọn òkè Ìjẹ̀ṣà yí po, ìyàwó rẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ àjẹyó ni. Humairah ò gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Híjàábù àwọn ọmọ ilé-kéú ló wà níwájú rẹ̀, ó ń ká etí rẹ̀. "Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣeé ṣe," ló wí, bí èèyàn ṣe ń ṣe àmín sí àdúrà tí kò gbọ́ délẹ̀.

Àwàdà kọ́ ni Mikail ń ṣe. Àtìgbà tí dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé àfi kó máa rìn dáadáa, ìrìn ti di nǹkan míì mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá ti kírun Àsùbá tán, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, á gba Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo já sí ojú irin, á sì máa tọ ojú irin náà lọ títí oòrùn á fi yọ, kó tó padà wá múra ibiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì. Ikùn rẹ̀ fà wọlé. Ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀. Síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ó ra báàgì ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, ó ra àgọ́ aláṣọ tó ṣeé ká sínú àpò, ó ra sítóòfù gáàsì tí kò tóbi ju ife ìmumi lọ. Òun àti méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Akeem àti Gbọ́láhàn, á wá jókòó ní pálọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọn á forí jọ sórí máàpù inú fóònù bí àwọn tó fẹ́ lọ gba ìlú.

Ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọn á gun ẹ̀gbẹ́ omi náà dé orí òkè pátápátá, wọn á tọ orí òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, láti ibẹ̀ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, wọn á sọ̀ kalẹ̀ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, wọn á wá gba ìsàlẹ̀ òkè láti Ẹ̀sà-Òkè padà sí Ẹ̀rìn tí wọ́n ti gbéra. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú sí, ibẹ̀ ni wọ́n á pàgọ́ sí.

Bí ọjọ́ ìrìn ṣe ń súnmọ́lé ni ẹsẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ń yẹ̀. Gbọ́láhàn ní orúnkún òun ò fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Akeem ò tiẹ̀ wá àwáwí kankan. Ó ní ìyàwó òun ló sọ pé òun ò ní í gbà. Mikail gbé fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wo báàgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti rà fún wọn, tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, "Mo máa dá lọ."

"Mo máa bá yín lọ," ni Humairah wí.

Ó yíjú sí i bíi pé ẹ̀rọ ìránṣọ ló sọ̀rọ̀. "Ìwọ, Ìyá Ùsmán? Láti gun òkè?"

"Mo lẹ́sẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ò lè sọ ìdí tó fi sọ ọ́. Kì í ṣe ìfẹ́ ọkọ ló mú un. Ùsmán tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn wọn ti lọ sí yunifásítì, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Dídákẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni Mikail fẹ́ ìyàwó kejì. Ẹ̀sìn gbà á láyè, Humairah ò sì ní bá a jà sí ìyẹn. Ohun tó ṣe é ní tirẹ̀ ni pé oníbàárà kan tó wá gba aṣọ ló kọ́kọ́ kí i kú oríire. Ó ní, "Wọ́n ní ìyàwó yín tuntun rẹwà, Munawwarah lórúkọ rẹ̀, àbí?" Humairah ní bẹ́ẹ̀ ni, ó di aṣọ oníbàárà náà fún un, ó kí i pé ó dàbọ̀. Munawwarah ò pẹ́ nílé tí Mikail gbà fún un. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ láì bímọ. Mikail ò sọ pé òun fẹ́ ẹ, kò sì sọ pé ó ti lọ. Humairah náà ò béèrè. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àti ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Ó rán ṣòkòtò méjì tó ní àpò gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ara rẹ̀. Ó di gàrí, kúlíkúlì, dàbínù àti ẹja gbígbẹ. Ó ká híjàábù kan kún un tí yóò fi pàrọ̀. Nígbà tí òjò ti ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí koríko ṣì ga tó sì tutù, wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà, wọ́n wọ òmíràn lọ sí Ẹ̀rìn.

Àwọn tó wá wo omi pọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń pariwo bí omi bá ta sí wọn lára. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni èèyàn ń dín kù. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí gbòǹgbò igi nìkan ṣẹ́ kù tí èèyàn lè dì mú, ohùn omi nìkan ló kù. Mikail ló ṣáájú. Kò yéé pàṣẹ. "Gbé ẹsẹ̀ sí apá ọ̀tún. Má di ẹ̀ka yẹn mú, ó ti rà. Má mu omi púpọ̀." Humairah ń dá a lóhùn pé ó dáa, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ síbi tó wù ú. Báàgì náà wúwo, ó ń fà á ní èjìká. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Àmọ́ nígbà tó rìn díẹ̀ sí i, ó rí i pé èémí òun ti bá ẹsẹ̀ òun mu, bí aránṣọ tó ti mọwọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, tí kò tún ní í wo ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ̀ ẹ́.

Orí òkè pẹrẹsẹ. Ìyẹn ló ya Humairah lẹ́nu jù. Ó ti rò pé ṣóńṣó ni wọ́n máa bá níbẹ̀, bí orí mọ́ṣáláṣí. Pápá ni wọ́n bá, koríko ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àpáta dúdú yọrí níhìn-ín lọ́hùn-ún, atẹ́gùn sì tutù bí omi àmù. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tẹ́ lọ bẹẹrẹ títí dé apá Ìwàrà, páànù ilé ń kọ mànà. Ó dúró, ó wò ó. Mikail ti ń na ọ̀pá àgọ́. Ó ní kó wá di etí aṣọ mú, ó sì lọ dì í mú.

Wọ́n kírun, wọ́n jẹ gàrí, wọ́n sùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ ò pọ̀ ju ti ilé lọ, àmọ́ orí òkè ò mú un dà bí ẹ̀ṣẹ̀. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń retí kí èèyàn sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé Ẹ̀fọ̀n, wọ́n ra búrẹ́dì, wọ́n pọn omi kún ike wọn, wọ́n sì tún mú ọ̀nà orí òkè pọ̀n. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti pínyà. Èyí táwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń tọ̀ fẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ pupa, ó yí apá ọ̀tún lọ bí ẹni tí kò kánjú. Mikail wo fóònù rẹ̀. Ó ní bí àwọn bá gba àárín koríko tààrà, àwọn á gé ìrìn náà kúrú.

"Ibí yìí ò jọ ọ̀nà," ni Humairah wí.

"Máàpù ló fi hàn."

"Èmi ò rí i pé ẹnì kankan ń gbà á."

"Ṣé wàá máa bọ̀ àbí o ò ní í bọ̀?"

Ó tẹ̀ lé e. Koríko náà dé ìgbáròkó wọn, ìrì rẹ̀ tutù. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n wọ inú rẹ̀ tí Mikail, tó wà níwájú, kúrú lójijì. Bó ṣe rí lójú Humairah nìyẹn: ó kúrú. Ó gbọ́ ìró kan tó dà bíi ti igi gbígbẹ tí èèyàn fi orúnkún ṣẹ́, lẹ́yìn náà ló wá gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀.

Àpáta ló là sí méjì lábẹ́ koríko. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wọ inú rẹ̀ dé itan, ara tó kù sì ti wó síwájú. Ó gbà wọ́n ní àkókò kí wọ́n tó yọ ọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà jáde, ojúgun rẹ̀ ti tẹ̀ níbi tí kò yẹ kó tẹ̀. Egungun ò yọ síta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i ò ní í béèrè bóyá ó ti ṣẹ́.

Mikail ń ké Allāhù, ó ń di koríko mú. Humairah ò ké. Ó mú ọ̀pá méjèèjì tí wọ́n fi ń tilẹ̀ rìn, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó bọ́ híjàábù orí rẹ̀, ó fi dì í, ó fà á le. Ó mú fóònù méjèèjì, ó gun àpáta tó ga jù níbẹ̀, ó na apá sókè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò yọjú rárá. Ó padà wá, ó na àgọ́ bo ọkọ rẹ̀ lórí kí oòrùn má bàa pa á, ó gbé omi tó pọ̀ jù sí ìtòsí ọwọ́ rẹ̀, ó gbé dàbínù tì í.

"Mo máa sọ̀ kalẹ̀ lọ wá èèyàn," ló wí.

"Níbo? O ò mọ ibì kankan."

"Èéfín kan ń rú nísàlẹ̀ lápá ìwọ̀ oòrùn. Ibi tí èéfín bá wà, èèyàn wà níbẹ̀."

Mikail di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ ti funfun, òógùn bò ó. Humairah ò tíì rí i báyìí rí, kódà lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú. "Má fi mí sílẹ̀, Humairah." Ó ti pẹ́ tó ti pe orúkọ rẹ̀ gangan. "Bó bá jẹ́ pé ibí ni mo máa kú sí, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n bá ọ sọ. Ọ̀rọ̀ Munawwarah yẹn…"

"Ẹ má sọ ọ́ báyìí."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Ìrora ló ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ara tù yín ná. Bó bá ṣì wù yín láti sọ ọ́ nígbà yẹn, mo máa gbọ́." Ó tú ìka ọkọ rẹ̀ kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n lé ike omi. "Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀."

Ó yọ híjàábù tó ká pamọ́ jáde. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni; ó fi eyín ya etí rẹ̀, ó ń fà á ya ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Bó ṣe ń lọ ló ń so ó mọ́ igi, mọ́ igi. Nígbà tó rí i pé àwọ̀ ewé ò hàn láàárín ewé, ó bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan, ó sì yọ búláòsì rẹ̀ pupa láti inú báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹn náà ya.

Ọ̀nà ìsàlẹ̀ le ju ti òkè lọ. Òkúta ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Níbi méjì, ìdí ló fi wọ́. Ẹ̀gún gbé awọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí omi kékeré kan ti ń ṣàn láàárín àpáta, ó jókòó láti mu omi, ó sì rí i pé ara òun balẹ̀.

Èyí ló dẹ́rù bà á díẹ̀. Ó wádìí ara rẹ̀ wò bí ẹni ń tú àpò. Ó rò ó pé Mikail lè kú. Bí oòrùn bá pọ̀ jù, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tún ru sókè, bí òun ò bá rí ẹnì kankan. Ó rí àwọn ará mọ́ṣáláṣí tí wọ́n jókòó lórí ẹní níwájú ilé nítorí àdúrà fídáù. Ó rí yàrá Mikail tí ó ṣófo, tó ní fèrèsé ńlá méjì tó kọjú sí ìlà oòrùn, ó sì rí i pé ẹ̀rọ ìránṣọ òun á bá ibẹ̀ mu ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òun ń jókòó sí lọ, níbi tó jẹ́ pé òun gbọ́dọ̀ tan iná lọ́sàn-án gangan kí òun tó lè kó òwú bọ abẹ́rẹ́. Lọ́kàn rẹ̀, ó gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó gbé àpótí aṣọ sí igun. Ó tiẹ̀ fi kọ́tìnnì kọ́.

Ó bu omi sójú. Kò bá ara rẹ̀ wí, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó so aṣọ pupa kan mọ́ igi tó wà létí omi náà, ó sì ń lọ. Kò sáré, nítorí ẹni tó bá sáré níbẹ̀, ẹni kejì tí wọ́n máa gbé ni. Kò sì fà sẹ́yìn.

Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tó bọ́ sábẹ́ igi kòkó. Ojú ilẹ̀ kún fún ewé gbígbẹ. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ jókòó ti òkìtì kòkó, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń da hóró rẹ̀ sínú agbọ̀n. Ọdúntán ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Òkìkí ni gbogbo abúlé ń pè é. Wọ́n wo obìnrin tó yọ sí wọn láti inú igbó, tó wọ ṣòkòtò, tí híjàábù ò sí lórí rẹ̀ bí kò ṣe fìlà kékeré, tí ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdúntán rọra gbé àdá sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Humairah wí, ó kúnlẹ̀. "Ọkọ mi ló ṣubú lórí òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Mi ò lè dá gbé e."

Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fi dá a lóhùn. Kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ "ulé," bí wọ́n ṣe ń pe ilé, ó sì rí Ọdúntán tó ń sáré lọ síbẹ̀. Ìyá Òkìkí bu omi fún un, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá tí wọ́n jọ gbọ́: "Kí lẹ ń wá lórí òkè náà? Ẹ lóko níbẹ̀ ni?"

"Rárá, mà. A kàn ń rìn ni."

"Ẹ kàn ń rìn." Ìyá Òkìkí tún un sọ, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Kò béèrè mọ́.

Ọdúntán padà dé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mẹ́rin, okùn, àti pákó kan tí wọ́n yọ lára ilẹ̀kùn ilé ìkóǹkanpamọ́sí. Wọ́n ní kí Humairah dúró. Ó ní òun ò dúró. Ìyá Òkìkí náà dìde, ó ní òun ń bá wọn lọ, nítorí òun ò rí irú èyí rí. Aṣọ ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń gòkè. Níbi tí pupa wà, ẹsẹ̀ wọn yá. Lókè, níbi tí èyí aláwọ̀ ewé ti bẹ̀rẹ̀, Humairah ló ń tọ́ka sí i fún wọn.

Mikail wà láàyè. Ó ti mu omi tán, ó ti jẹ dàbínù tán, ó ti fa ara rẹ̀ lọ sí ibòòji àpáta nígbà tí oòrùn yí wọ abẹ́ àgọ́. Nígbà tó rí wọn, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ló ní, "O pẹ́ o, Ìyá Ùsmán."

Kí Humairah tó dáhùn, Ìyá Òkìkí ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ máa dákẹ́ ká gbé yín, àbí ká padà sílé?" Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Mikail dákẹ́.

Wọ́n dè é mọ́ pákó, wọ́n gbé e. Ìgbà tí ìrùngbọ̀n àwọn tó gbé e ti ń kán òógùn ni wọ́n dé ilẹ̀ kòkó, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ tó máa ń wá kó kòkó, ó sì di ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin sí i lẹ́sẹ̀. Ùsmán sáré wá láti ilé-ìwé, ó sunkún díẹ̀, ó bá ìyá rẹ̀ jà pé kí ló dé tó fi tẹ̀ lé bàbá lọ sórí òkè, ó sì padà.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, Humairah jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń bó ọsàn. Fáànù ń yí lókè, ó ń dún gìrọ́gìrọ́. Mikail ti ń wo òrùlé láti àárọ̀.

"Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ lórí òkè," ló wí.

"Mo rántí."

"Kò wù mí láti sọ ọ́ mọ́. Ara ti tù mí." Ó rẹ́rìn-ín kékeré tí kò dùn. "Àmọ́ màá sọ ọ́. Ó yẹ kí n ti bá ọ sọ ọ̀rọ̀ Munawwarah kí n tó fẹ́ ẹ. Kò yẹ kó jẹ́ pé òde lo ti gbọ́. Ẹ̀rù rẹ ló bà mí."

"Ẹ̀rù mi?"

"Pé o ò ní í bínú. Pé o kàn máa ní ó dáa."

Humairah bó ọsàn náà tán. Ó là á, ó fún un ní ìlàjì. Òótọ́ ni pé ohun tí òun máa sọ nìyẹn. Ó ní, "Mo gbọ́," ó sì fẹ́ kó mọ̀ pé òun gbọ́ lóòótọ́, nítorí náà ó tún un sọ. "Mo gbọ́, Bàbá Ùsmán."

Mikail mu ọsàn. "Nígbà tí ò ń lọ wá èèyàn, kí lò ń rò?"

Ó lè parọ́. Àdúrà ni gbogbo obìnrin tó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn ì bá sọ pé àwọn ń gbà. "Mo ń rò ó bóyá ẹ máa kú," ló wí. "Mo sì ń ro ibi tí màá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí nínú yàrá yín."

Ìyá arúgbó tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì yíjú sí wọn. Mikail wo ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára rẹ̀. Ó ní, "Apá ibo?"

"Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé."

Ó ronú sí i. "Lóòótọ́," ló wí, "ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀." Ó nawọ́ gba ìlàjì ọsàn tó kù.

Wọ́n padà sí Òṣogbo. Mikail ń fi igi rìn nínú ilé. Akeem àti Gbọ́láhàn wá kí i, wọ́n ń mi orí, inú wọn dùn pé àwọn ò lọ. Ọ̀rọ̀ ò wá di púpọ̀ láàárín ọkọ àti ìyàwó náà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí Humairah bá ń ránṣọ, Mikail á gbé àga wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa bá a tú òwú, á sì sọ ohun kan nípa ìgbà èwe rẹ̀ tí kò sọ fún un rí. Humairah máa ń gbọ́. Nígbà mìíràn ó máa ń dáhùn, nígbà mìíràn kò ní í dáhùn. Kò mọ̀ bóyá òun ti dárí jì í. Ó wo inú ara rẹ̀, kò rí ìdáhùn kan tó dájú, kò sì fi agbára wá a.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ó gbé báàgì rẹ̀ jáde, ó fọ̀ ọ́, ó sá a.

"Níbo?" ni Mikail béèrè.

"Mo fẹ́ lọ parí rẹ̀. Ìyá Òkìkí ní òun máa bá mi lọ dé Òkè-Ìmẹ̀sí, òun ní àbúrò níbẹ̀. Láti ibẹ̀, màá dá sọ̀ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, kí n tó gba ìsàlẹ̀ padà sí Ẹ̀rìn."

Ẹnu Mikail ti là láti pàṣẹ. Humairah rí i kedere, bàtà, omi, ẹ̀ka igi, gbogbo rẹ̀ ti tò sí i lẹ́nu. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sítóòfù yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ti le. Jẹ́ kí n bá ọ fi òróró sí i."

Ìyá Òkìkí ń rìn bí ẹni tó ń lọ sójà, ó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, ó sì ń béèrè lórí gbogbo òkè bóyá ẹ̀sìn Mùsùlùmí ló ní kí wọ́n máa ṣe èyí. Humairah ní rárá o. Ìyá Òkìkí ní ó dáa, nítorí bó bá jẹ́ ẹ̀sìn ni, òun ò ní í lè ṣe é. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti pínyà, wọ́n gba èyí tó fẹ̀, wọn ò sì wo apá kejì. Ilé àbúrò Ìyá Òkìkí ni wọ́n ti pínyà ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Ó kó ẹ̀wà sísè fún Humairah nínú ewé, ó ní bó bá tún fẹ́ rin irú ìrìn òfò báyìí, kó pe òun.

Lọ́jọ́ kejì, Humairah wà lórí àpáta tó ga ju Ìmẹ̀sí-Ilé lọ. Ọyẹ́ bo ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Orí igi àti òrùlé díẹ̀ nìkan ló yọ. Ó ti bọ́ bàtà, ó ń na ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sí oòrùn. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó ń jẹ ẹ̀wà Ìyá Òkìkí nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀, ó kàn ń já díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé dáadáa lo wà?" ni Mikail wí.

"Àlùhámúdùlíláì."

"Kí lò ń rí?"

Kò tíì bi í ní irú ìbéèrè yìí rí. Humairah gbé ewé ẹ̀wà sílẹ̀, ó wò yíká dáadáa kó tó dáhùn, nítorí kò fẹ́ sọ ohun tí kò rí.

"Ọyẹ́ ni," ló wí. "Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nísàlẹ̀, ó ti dípẹtà. Èéfín oko tí wọ́n ń sun ń rú ní apá Ẹ̀sà-Òkè. Ẹyẹ kan wà níbí tó ń fò lábẹ́ mi."

"Lábẹ́ rẹ?"

"Lábẹ́ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń rí."

Ohùn Mikail já, ó tún padà wá. Ó ń béèrè irú ẹyẹ wo ni, àwọ̀ wo ni ẹ̀yìn rẹ̀ ní. Humairah súnmọ́ etí àpáta kó lè rí i dáadáa.